Èsì: Ṣé ìyípadà jíìnì tó fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ Bàbá wà lára àwa ọmọ náà?

Òkun o, ará Ìyàrà. Rárá, ẹ ò jogún rẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ Bàbá nìkan ni ìyípadà yẹn ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà.

Mo ń sọ èyí bó bá jẹ́ jíìnì tó ń jẹ́ TP53, ní ojúlé 249 (ibì kan pàtó nínú jíìnì náà), ni dókítà dárúkọ. Ọdún 1991 ni àwọn olùwádìí kọ́kọ́ kíyè sí i lára àwọn aláìsàn ní Ṣáínà àti gúúsù Áfíríkà. Aflatoxin ló sábà ń fi àmì yẹn sílẹ̀, májèlé inú ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ DNA, ìwé ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì tí a fi lẹ́tà A, C, G àti T kọ; lẹ́tà G kan á wá di T. TP53 ni ọlọ́dẹ tó ń dá sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ dúró. Bí ọlọ́dẹ bá ti sùn, ẹ mọ ìyókù.

Ohun tó lè wà nínú ilé yín ni hepatitis B, kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ, òun àti aflatoxin pọ̀ sì burú ju ọ̀kan lọ dáadáa.

1. Kí gbogbo yín lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.
2. Ẹni tí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.
3. Ẹ ṣa ẹ̀pà tó bu dànù. Sísè tàbí yíyan ò pa májèlé yẹn. (Nílé wa ní Kábbà, èyí tó bu gan-an la fi ń ṣe kúlíkúlí, kó má baà ṣòfò! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.)