Báwo ni mo ṣe lè gé apá kan nínú ọ̀rọ̀ ní Python?

Ẹ lo s[ìbẹ̀rẹ̀:òpin] (s ni ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ gé). Láti 0 ni ó ti ń kà, lẹ́tà tó wà ní ipò òpin kì í sì í bá wọn jáde. Bí s = "08-LAG-2291", s[3:6] á fún yín ní "LAG", s[-4:] á fún yín ní "2291". Bí gígùn rẹ̀ kò bá dúró lójú kan, ẹ má wulẹ̀ máa ka ipò: s.split("-")[1] ló dáa jù, torí ó ń pín ọ̀rọ̀ náà níbi "-", ó sì ń mú apá kejì.

s[20:25] kò ní bínú, òfìfo ló máa dá padà. Ṣùgbọ́n s[20] ló máa gbé IndexError jáde, ìyẹn àṣìṣe pé kò sí irú ipò bẹ́ẹ̀.

Ibi tí Yorùbá ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni àmì ohùn: "ọ̀nà"[:1] kì í mú "ọ̀" jáde, torí àmì orí rẹ̀ dá dúró. Ẹ kọ́kọ́ fi unicodedata.normalize("NFC", s), tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, tò ó, kí ẹ tó wá gé e ní [:2].