Ṣé èèyàn lè dàgbà tán kí autism tó bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀?

Rárá, autism kì í bẹ̀rẹ̀ lágbà. Bí dókítà bá rí i lára ẹni ọdún 40, ó ti wà níbẹ̀ láti kékeré, wọn ò kàn tíì dá a mọ̀ ni. Bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà ló yàtọ̀, èyí tó ń kan bí èèyàn ṣe ń bá ẹlòmíì ṣe àti bí ariwo ṣe ń rí lára rẹ̀. Kì í ṣe àrùn tó ń ràn, kì í ṣe èpè, abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ló sì fà á.

Ohun tó sábà ń jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó dá a mọ̀ ni pé èèyàn ti kọ́ bí yóò ṣe máa bò ó mọ́lẹ̀. Ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà, ọmọ tí kì í wo ojú àgbà, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ là ń pè é. Ta ni yóò fura pé àmì autism lè ni? Ìkíni pàápàá ní ètò tí èèyàn lè há sórí. Ibi tí kò létò ló ti ń hàn: àwàdà tí kò yé e, tàbí òde ìyàwó tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti gbohùngbohùn ti pàdé, tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ kejì.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi í hàn. Ìbéèrè ni dókítà ọpọlọ máa ń bi èèyàn, ó sì máa ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bó ṣe ń ṣe ní kékeré. Bí wọ́n bá ti pè é ní Asperger fún yín tẹ́lẹ̀, abẹ́ autism ni DSM-5, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń ṣe àyẹ̀wò, kó o sí ní 2013. Kò sí oògùn tó ń mú un kúrò, àmọ́ àìbalẹ̀ ọkàn tàbí àìróorunsùn tó bá bá a rìn ní ìtọ́jú.