Èsì: Ẹsẹ̀ alángbá onírùngbọ̀n tí ó ń gbọ̀n
Ẹ ní ẹsẹ̀ alángbá onírùngbọ̀n (bearded dragon) tí ẹ ń sìn ń gbọ̀n, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti rọ̀, bẹ́ẹ̀ iná ń tàn nínú àpótí rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Àìtó kálísíọ̀mù nínú egungun ni mo fura sí, nítorí iná tí ń mú ooru wá nìkan kò tó; iná UVB (tí ń mú irú ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí jáde) ni ara rẹ̀ fi ń ṣe fítámì D3, èyí tí kò jẹ́ kí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ ṣòfò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gíláàsì ni ó dí iná náà, nítorí pé UVB kì í sábà gba inú gíláàsì kọjá. Gílóòbù UVB a tún máa tàn lẹ́yìn tí agbára rẹ̀ bá ti tán (ohun tí ń tan ọ̀pọ̀ jẹ nìyẹn), nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12. Kí ibi tí ó ti ń yáná gbóná tó 38 sí 42°C, kí apá kejì sì tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ máa wọ́n lẹ́búlẹ́bú kálísíọ̀mù sára kòkòrò tí ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ti kọjá ohun tí gílóòbù tuntun nìkan lè wò. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko tí ó mọ̀ nípa ẹran afàyàfà.