Ajá kékeré tí mo gbà sílé kò yé họra: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo gba ajá kékeré kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹran tí wọ́n pa tì jọ. Abo ni, kò wúwo ju kílò 5 lọ, wọ́n sì ní yóò ti tó ọmọ ọdún 2. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ló ti ń họra tọ̀sán-tòru. Irun bèbè etí rẹ̀ ti ń re, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti pá, abẹ́ ikùn rẹ̀ sì pọ́n. Mo yẹ ara rẹ̀ wò, mi ò rí eégbọn kankan. Mo ti ń fi ọṣẹ ìwẹ̀ tèmi wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, mo sì ti pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ tó ń dá ara yíyún dúró fún un kí gbogbo wa lè sùn. A ní ológbò kan nílé. Ohun kan tún kù tí mi ò mọ̀ bóyá ó kan ọ̀rọ̀ yìí: apá èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ó sì sú wẹ́wẹ́, ó pọ́n. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ajá o. Ibi tí ẹ parí ọ̀rọ̀ yín sí ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ohun tí ẹ rò pé ó lè má kàn án yẹn ló kàn án jù.

Bí ajá bá ń họra, tí irun bèbè etí rẹ̀ ń re, tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ pá, tí abẹ́ ikùn rẹ̀ pọ́n, tí ara ẹni tó ń gbé e sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún, kúrúnà ajá ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Sarcoptes ni a ń pè é. Ṣe ló máa ń gbẹ́ ihò wọ inú awọ ara lọ, ibẹ̀ ni yóò sì máa yé sí. Ibi tí irun kò ti pọ̀ ló fẹ́ràn: bèbè etí, ìgbọ̀nwọ́, orókún ẹ̀yìn, àyà àti abẹ́ ikùn. Ẹ wo ibi tí ẹ dárúkọ nínú ìbéèrè yín, ẹ óò rí i pé wọ́n bára mu. Ara tó ń yún ajá nínú àìsàn yìí kì í ṣe kékeré. Ajá á fi oúnjẹ sílẹ̀ kó lè họra, á jí lóru kó lè họra. Ó sì máa ń tètè ràn láàárín àwọn ajá tó bá ń gbé pọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi sábà máa ń rí i lára ajá tó ti rìn gbéregbère tàbí tó ti bá ọ̀pọ̀ ajá mìíràn sùn sójú kan.

Ìdánwò kékeré kan wà tí ẹ lè ṣe nílé. Ẹ fi ìka méjì di bèbè etí rẹ̀ mú, kí ẹ rọra máa fi ra á bí ìgbà tí ẹ ń ra aṣọ. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà lápá ibẹ̀ bá ń jà fúnra rẹ̀ bí ẹni fẹ́ họra, ó túbọ̀ fi hàn pé kúrúnà lè wà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú o. Ajá tí etí ń dùn lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ní kúrúnà gan-an sì wà tí wọn kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n ó tó ohun tí ẹ lè sọ fún dókítà ẹranko.

Dókítà á fá díẹ̀ lára awọ ibi tó ń yún un, á sì wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíńtín di ńlá. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà: bí wọn kò bá rí kòkòrò náà níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò sí. Kòkòrò mélòó kan péré lè máa da gbogbo ara ajá láàmú, ibi tí a fá sì lè má jẹ́ ibi tí wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ ajá tó ní kúrúnà ni ìdánwò yìí kì í mú. Nítorí náà, bí àmì bá ti pọ̀ tó báyìí, a máa ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni pé òun ni, ká wá máa wo bí ara yíyún náà yóò ṣe lọ sílẹ̀. Oògùn oníhóró wà fún un lónìí, bíi afoxolaner, sarolaner, fluralaner àti lotilaner, tí wọ́n ń pa eégbọn àti yọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò kúrúnà pẹ̀lú. Bí ajá yín bá ti ní gìrì rí, ẹ sọ fún dókítà kó tó fún un, torí wọ́n lè fa gìrì fún àwọn ajá kan.

Ní ti ara tiyín, kòkòrò kúrúnà ajá lè bu èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n kò lè fi ara èèyàn ṣe ilé kó máa bímọ níbẹ̀. Bí ajá bá ti gba ìtọ́jú, tiyín náà á sábà lọ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣì lọ rí dókítà èèyàn, kí ẹ sì má gbàgbé láti sọ fún un pé ajá wà nílé, kó má baà máa wá ohun mìíràn kiri. Títí di ìgbà náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yín. Mo mọ̀ pé ìyẹn ṣòro fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa ajá mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni.

Ẹ ní ẹ kò rí eégbọn. Ó dára, ṣùgbọ́n eégbọn nìkan kọ́ ló ń jẹ ajá. Eégbọn máa ń lẹ̀ mọ́ ojú kan títí á fi wú, ẹni tó bá wá a á rí i. Yọ̀rọ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ojú kan bẹ́ẹ̀. Kòkòrò dúdú kékeré yìí ń sáré láàárín irun, ó sì ń fò. Ajá sì máa ń fi eyín àti ahọ́n kó o kúrò lára, tó fi jẹ́ pé ajá tó ń họra jù lè jẹ́ èyí tí ẹ kò ní bá ẹyọ yọ̀rọ̀ kan lára rẹ̀. Àwọn ajá kan wà tí ara wọn kórìíra itọ́ yọ̀rọ̀ débi pé ìwọ̀nba ìgéjẹ díẹ̀ ti tó láti mú kí wọ́n máa họra fún ọjọ́ púpọ̀. Ìdí ìrù, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti itan ẹ̀yìn ni tiwọn sábà máa ń wà. Ibẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tí ajá yín ń họ, ìdí nìyẹn tí mo fi fi kúrúnà ṣáájú. Síbẹ̀, àìsàn méjì lè wà lára ajá kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá òòyà eléyín wẹ́wẹ́, ẹ yà á láti ẹ̀yìn dé ìdí ìrù, kí ẹ gbọn ohun tó bá jáde sórí bébà funfun tí ẹ fi omi rin. Bí ẹ bá rí èérún dúdú tó ń ṣe pupa rúsúrúsú yí ara rẹ̀ ká nínú omi, ìgbẹ́ yọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ti mu ló di ìgbẹ́ yẹn. Iyanrìn àti eruku kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí yọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀, ara ajá kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Abo yọ̀rọ̀ kan lè yé ẹyin tó tó 40 lóòjọ́. Ẹyin náà á máa já bọ́ sórí rọ́ọ̀gì, sórí àga, síbi tí ajá ń sùn. Ọmọ tó bá jáde nínú rẹ̀ á wé ara rẹ̀ mọ́ inú ilé bí òwú, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó tó jáde. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Nítorí náà ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó ń sùn lé, ẹ máa gbá abẹ́ àga àti igun ilé dáadáa, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ẹran tó wà nílé fún ó kéré tán oṣù mẹ́ta léra wọn.

Gbogbo ẹran tó wà nílé ni mo wí, ológbò náà sì wà nínú wọn, àmọ́ oògùn tirẹ̀ ni kí ẹ fún un. Ọ̀pọ̀ oògùn yọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ajá ló ní permethrin nínú. Permethrin ń pa ológbò. Kó tiẹ̀ sùn ti ajá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán an sí lára lè kó o sí wàhálà. Bákan náà, ẹ má ra oògùn ajá ńlá kí ẹ máa fojú pín in fún ajá kílò 5. Ẹ má sì gba ivermectin tí wọ́n ṣe fún màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀nba kékeré tó lé lára ajá tó kéré báyìí ti pọ̀ jù, àwọn ajá kan sì wà, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ collie (irú ajá kan tó ń da àgùntàn) lára pàápàá, tí oògùn yẹn máa ń wọ ọpọlọ wọn. Ajá tí ẹ kò mọ bàbá rẹ̀, tí ẹ kò mọ ìyá rẹ̀, ẹ kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn.

Ẹ dáwọ́ ọṣẹ náà dúró lónìí. Awọ ajá tinrín ju tèèyàn lọ, ọṣẹ wa sì máa ń bó ọ̀rá tó ń dáàbò bò ó. Awọ tó ti gbẹ tó sì ti ya ni bakitéríà máa ń wọlé sí. Ẹ wò ó bóyá ẹ óò rí eéwo kékeré tó ní ọyún, tàbí ojú tó rí roboto tí ìpẹ́pẹ́ yí etí rẹ̀ ká. Bí ara rẹ̀ bá ń rùn, tó ń yọ̀ bí ẹni pé ọ̀rá wà lára rẹ̀, tí àárín ìka ẹsẹ̀ tàbí abíyá rẹ̀ sì ń dúdú, yíìsì, ẹ̀dá tíńtín kan tó ń gbé lójú awọ, ló ti pọ̀ jù níbẹ̀. Méjèèjì ń yún ajá fúnra wọn. Dókítà lè fi gíláàsì tẹ ojú ibẹ̀ kó sì wò ó kíákíá. Bí a kò bá tọ́jú wọn, ara á ṣì máa yún un lẹ́yìn tí a bá ti pa kòkòrò tó dá a sílẹ̀, ẹ óò sì rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ tí ọ̀rẹ́ yín wí, ó dá mi lójú pé àánú ajá ló ṣe é. Abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ steroid. Ó lè dá ara yíyún dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ajá á sùn, ẹ̀yin náà á sùn. Ṣùgbọ́n kòkòrò kúrúnà kò kú. Ara ajá tó yẹ kó bá a jà ni abẹ́rẹ́ náà mú rọ, kòkòrò á sì máa pọ̀ sí i lábẹ́lẹ̀. Ó tún ń pa àmì rẹ́, tí dókítà tó bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà kò fi ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn tó ń dín ara yíyún kù ní àyè tirẹ̀, èmi náà ń lò ó. Àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Òótọ́ ni pé ara ajá lè kọ oúnjẹ kan kó sì máa yún un. Àmọ́ ọ̀nà tí ẹ gbà pààrọ̀ rẹ̀ kò lè sọ nǹkan kan fún yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oúnjẹ mẹ́ta: èyí tó ti jẹ sẹ́yìn kò tíì kúrò lára rẹ̀ tí òmíràn fi dé. Ìdánwò oúnjẹ gidi gba ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán. Ẹran kan tí kò jẹ rí ni wọ́n ń lò, tàbí oúnjẹ tí wọ́n ti gé èròjà rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi pé ara kò ní dá a mọ̀, kò sì ní jẹ ohun mìíràn rárá, àní oògùn tí wọ́n fi adùn ẹran sí pàápàá. Bí ara bá balẹ̀, ẹ óò dá oúnjẹ àtijọ́ padà láti mọ̀ bóyá ara yíyún á tún bẹ̀rẹ̀. Láìsí ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yẹn, a kò tíì mọ nǹkan kan. Ẹ má náwó sórí ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ tí wọ́n ní ó ń sọ oúnjẹ tí ara ajá kọ̀, kò ṣeé gbára lé. Ní báyìí, ẹ mú oúnjẹ kan, kí ẹ dúró tì í.

Ó kù àlẹ́jì sí ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti ilé, bí eruku àti àtíkè òdòdó. Láàárín oṣù 6 sí ọdún 3 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí ajá yín sì bọ́ sínú rẹ̀. Ojú, ẹsẹ̀, abíyá àti inú etí ló máa ń mú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè pe tajá yín bẹ́ẹ̀, torí kò sí ìdánwò kan tó ń fi í hàn tààrà. Ìgbà tí kòkòrò, bakitéríà, yíìsì àti oúnjẹ bá ti kúrò lọ́nà tán la tó ń dárúkọ rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ òun, oògùn bí oclacitinib àti abẹ́rẹ́ lokivetmab wà tó lè jẹ́ kó gbé ayé rẹ̀ nírọ̀rùn.

Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ pe àwọn tí ẹ ti gba ajá náà. Ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ajá yòókù níbẹ̀ ń họra, oògùn wo ni wọ́n lò fún un, ọjọ́ wo ni wọ́n sì lò ó. Ìdáhùn yẹn lè ju ìdánwò mẹ́ta lọ. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ohun tó yẹ ká rí má baà ti ṣàn lọ. Ẹ ya fọ́tò ibi tó pọ́n. Bí ojú ibẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí ó tutù, tí kò jẹun mọ́, tàbí tó ń gbọn orí tí etí rẹ̀ sì ń rùn, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan, ẹ gbé e lọ lónìí.

Lẹ́yìn oògùn kúrúnà, ẹ má retí pé yóò sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ara lè ṣì máa yún un fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lálaalẹ́: láti 0 sí 10, báwo ló ṣe họra tó lónìí? Bí nǹkan kò bá yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ mú ìwé náà lọ fún dókítà, ẹ óò jọ bẹ̀rẹ̀ láti orí bakitéríà àti yíìsì, kí ẹ tó kan oúnjẹ.