Kí Ló Gbé Ngũgĩ Dé Ẹ̀wọ̀n Lọ́dún 1977?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ra wa lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i. Ó ní ìwé Petals of Blood tí Ngũgĩ wa Thiong'o, òǹkọ̀wé ará Kẹ́ńyà, kọ ló jẹ́ kí ìjọba Kẹ́ńyà gbé e jù sẹ́wọ̀n lọ́dún 1977, torí bó ṣe sọ̀rọ̀ sí wọn níbẹ̀. Mo ti ka ìwé yẹn, ó gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà pé òun ni. Ṣé òótọ́ sì ni pé orí pépà ìnùdí ló ti kọ ìwé lẹ́wọ̀n? (Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì kan)

Ìdáhùn: Àbúrò, ọkàn ẹ ò tàn ẹ́ jẹ. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé e lóòótọ́, òru tó mọ́jú ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni wọ́n wá a délé, àmọ́ kì í ṣe torí Petals of Blood. Oṣù Keje ni wọ́n kó ìwé yẹn jáde ní Nairobi, ta lo sì rò pé ó kó o jáde? Mwai Kibaki ni, mínísítà ètò ìnáwó Kẹ́ńyà nígbà yẹn, ẹni tó padà wá di ààrẹ. Ìwé tó ní àwọn tó gbàjọba lọ́wọ́ òyìnbó ti kẹ̀yìn sí tálákà, mínísítà ló fọwọ́ ara ẹ̀ kó o jáde, ẹnikẹ́ni ò sì mú Ngũgĩ. Èrò tèmi ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló bo ìwé yẹn láṣìírí, torí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti lébìrà tí wọ́n torí ẹ̀ kọ ọ́ ò lè kà á.

Ohun tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n ni eré orí ìtàgé kan tí wọ́n fi Gĩkũyũ, èdè ìbílẹ̀ kan ní Kẹ́ńyà, ṣe, Ngaahika Ndeenda, ìyẹn ni pé ìgbà tó bá wù mí ni màá ṣègbéyàwó.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ló máa ń wú mi lórí jù. Lọ́dún 1976, obìnrin kan láti abúlé Kamĩrĩĩthũ ní Limuru, kò jìnnà sí Nairobi, wá bá Ngũgĩ nílé, kò fepo bọyọ̀ rárá, ó ní àwọn gbọ́ pé ó kàwé gan-an, ó sì máa ń kọ̀wé, kí ló dé tí kò lè bù díẹ̀ nínú ìmọ̀ yẹn fún abúlé. Ó lọ, ó tún padà wá, Sunday lórí Sunday, kò jẹ́ kí bàbá náà sinmi títí tó fi gbà.

Ngũgĩ wa Thiong'o àti Ngũgĩ wa Mĩriĩ ló jọ kọ eré náà, àmọ́ tá a bá ní àwọn méjèèjì nìkan ló kọ ọ́, a ti fi ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀, torí ìta gbangba ni wọ́n ti ń fi kọ́ra, ẹni tó bá ń kọjá lọ lè dúró kó ní rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà á ní arúgbó kì í sọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ọmọdé lẹ fi sí i lẹ́nu, ẹ tún un ṣe, wọ́n á sì tún un ṣe. Ibì kan wà nínú eré náà tí wọ́n ti sọ ìtàn Mau Mau, àwọn tó gbé ìbọn bá ìjọba òyìnbó jà ní Kẹ́ńyà, wọ́n nílò ìbọn ayédèrú, ẹ ẹ̀ rí nǹkan, àwọn tó ti rọ ìbọn gidi fún Mau Mau láyé ogun náà ló wà lábúlé tó ń bá wọn ṣe ti ayédèrú yìí. Tíátà gan-an, àwọn ará abúlé ló kọ́ ọ, iṣáná ni wọ́n kọ́kọ́ tò sílẹ̀ kí wọ́n fi wo bó ṣe máa rí, nígbà tí wọ́n gbé e dìde tán, kò lórùlé, àmọ́ ó gba èèyàn tó lé ní 2,000.

Inú eré yẹn, Kĩgũũnda ni lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ lóko olówó, ilẹ̀ éékà kan ààbọ̀ péré ló ní láyé ẹ̀, ó gbé ìwé ilẹ̀ náà kọ́ sára ògiri. Ọ̀gá ẹ̀, Kĩoi, onígbàgbọ́ paraku, òun àti ìyàwó ẹ̀ wá sọ fún un pé ìyàwó tó fẹ́ nílànà ìbílẹ̀, tí wọ́n ti bímọ fúnra wọn, ẹ̀ṣẹ̀ ni, kí wọ́n lọ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Báǹkì ló ti yá owó ìgbéyàwó náà, ìwé ara ògiri yẹn ló fi dúró, kò rí owó náà san, bí ilẹ̀ ṣe lọ nìyẹn. Ẹni tó jókòó nínú èrò yẹn tí ilẹ̀ tiẹ̀ náà ti lọ, tó ń gbọ́ ọ lédè ìyá ẹ̀, kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀ fún un.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 1977 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, bọ́ọ̀sì àti tasín ń kó èèyàn wá láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, ìjọba gba láìsẹ́ńsì tí wọ́n fi ń ṣe eré náà, wọ́n ní torí ààbò ìlú. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ díẹ̀ lọ. Lópin ọdún ni wọ́n gbé Ngũgĩ lọ sẹ́wọ̀n Kamiti, wọn ò gbé e dé kọ́ọ̀tù, wọn ò ka ẹ̀sùn kankan sí i lọ́rùn, nọ́ńbà K6,77 ló dípò orúkọ ẹ̀. Jomo Kenyatta, ààrẹ Kẹ́ńyà nígbà yẹn, kú loṣù Kẹjọ 1978, oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Ti pépà ìnùdí, òótọ́ ni. Pépà ẹ̀wọ̀n yẹn le gbagidi, ara ò lè gbà á, àmọ́ bíírò ń rìn lórí ẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ló ti kọ ìwé ìtàn àròsọ ẹ̀, Caitaani Mũtharaba-inĩ, ìyẹn Èṣù Lórí Àgbélébùú, èdè Gĩkũyũ náà ló sì fi kọ ọ́. Àwọn wọ́dà tú u rí, wọ́n gbà á, wọ́n padà dá a fún un. Nígbà tí ìwé náà jáde lọ́dún 1980, àwọn èèyàn ń kà á sétí ara wọn nínú ilé, nínú bọ́ọ̀sì, nílé ọtí pàápàá, ẹni tó ń kà á á dúró níbi tó dùn jù títí wọ́n á fi bu ọtí sí kọ́ọ̀bù ẹ̀.

Ìbéèrè: Bàbá mi sọ pé Kẹ́ńyà gbé eré wá sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Èkó lọ́dún 1977 yẹn kan náà. Eré wo ni? (Òǹkàwé kan)

Ìdáhùn: Eré méjì ni, The Trial of Dedan Kimathi tí Ngũgĩ àti Mĩcere Mũgo kọ, àti Betrayal in the City ti Francis Imbuga. Oṣù Kìíní sí oṣù Kejì 1977 ni FESTAC. Wò ó, eré nípa ọ̀gágun Mau Mau ni Kẹ́ńyà fi ṣojú ara ẹ̀ ní Èkó níbẹ̀rẹ̀ ọdún, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹni tó bá wọn kọ ọ́ náà ni wọ́n tì mọ́lé lópin ọdún.

Ìbéèrè: Tíátà abúlé yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà? (Òǹkàwé kan náà)

Ìdáhùn: Rárá o, ó dùn mí láti sọ ọ́. Ọdún 1982 ni ọlọ́pàá kún ọkọ̀ mẹ́ta wá, wọ́n wó o palẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Ngũgĩ lọ sókè òkun, ibẹ̀ ló sì gbé títí tó fi kú ní Amẹ́ríkà loṣù Karùn-ún 2025. Àmọ́ lọ́dún 2022, wọ́n ṣe Ngaahika Ndeenda ní Kenya National Theatre ní Nairobi, lédè Gẹ̀ẹ́sì àti lédè Gĩkũyũ, kò sí ẹni tó gba láìsẹ́ńsì lọ́wọ́ wọn.