Ẹ má tíì ra bátìrì kẹta o

Ọ̀gá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ní bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi yín, pé ẹ ju ìdákọ̀ró lálẹ́, ẹ tan fíríìjì àti iná yàrá sílẹ̀ sùn, nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ ra ẹ̀kẹta kún un. Ẹ fọwọ́ wọ́nú ná. Ohun tó ṣe yín yìí ti ṣe mí rí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ra bátìrì tí mi ò nílò.

Lọ́jọ́ tèmi, ìdájí ni afẹ́fẹ́ yí padà, ni ìdákọ̀ró mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mo gbọ́ bí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ṣe ń ha àpáta nísàlẹ̀ omi. Ìró yẹn ò tíì kúrò létí mi dòní. Mo sáré yí kọ́kọ́rọ́, ó dún "ká". Mo tún un yí, "ká". Gbogbo iná iwájú mi ń ṣú lọ bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Ìyàwó mi ti di igi gígùn mú níwájú ọkọ̀, ó ń dúró de àpáta. Ọlọ́kọ̀ kan tó sùn sítòsí ló ju okùn sí wa tó fà wá kúrò níbẹ̀. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Bátìrì méjì, kò sì sí èyí tó lè yí ẹ́ńjìnnì!

Mo wá pe ẹni tí wọ́n ní ó mọ iṣẹ́ iná ọkọ̀. Ẹ wò ó, kò mú mítà tí wọ́n fi ń wọn fólítì dání. Ó fọwọ́ lé bátìrì bí ìgbà téèyàn ń wo ìbà lórí ọmọ, ó ní, "Ó ti kú." Mo ra tuntun. Kò pé oṣù méjì, "ká." Ó ní èyí tí mo rà ló kéré, kí n ra ńlá. Mo ra ńlá. Ẹ ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e.

Èmi fúnra mi ni mo padà rí i, àbùkù méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, súwíìṣì ńlá tó ní 1, 2 àti BOTH: orí BOTH ni mo máa ń fi í sí sùn. Ìyẹn ni pé fíríìjì ń fa bátìrì méjèèjì mu pọ̀, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún ẹ́ńjìnnì. Èkejì ni wáyà nẹ́gétíìfù tó lọ síbi irin ẹ́ńjìnnì. Lójú, ó dára. Mo fi ẹnu kan mítà sórí nẹ́gétíìfù bátìrì, mo fi ẹnu kejì sára irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, mo ní kí ìyàwó mi yí kọ́kọ́rọ́. Mítà fò lọ sí fólítì 1.9! Kò yẹ kó tó ìdajì fólítì. Mo bó rọ́bà ẹnu wáyà náà, mo bá ìpẹtà aláwọ̀ ewé tó ti jẹ bàbà náà dénú, ó ń ya sí mi lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun. Mo gé e kúrò, mo fi wáyà tuntun tí wọ́n ti pa tánńganran sí bàbà rẹ̀ lára rọ́pò rẹ̀. Bátìrì àkọ́kọ́ tó "kú" yẹn, nígbà tí mo ṣáájì rẹ̀ kún, ó tún bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí bátìrì ẹ́ńjìnnì dá dúró. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì, irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, agbára ńlá ló ń tú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó tán. Tẹ́ ẹ bá ní kó máa gbé fíríìjì mọ́jú, ẹ ń pa á ni. Ti inú ilé, ìyẹn èyí tó ń gbé fíríìjì àti iná yàrá, ni irin rẹ̀ nípọn. Bátìrì olómi, èyí tí wọ́n ń bu omi sí, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láìlò ó, láìṣáájì rẹ̀, tó bá wà ní fólítì 12.7, ó kún, tó bá wà ní 12.2, ó ku ìdajì, ẹ má sì jẹ́ kó relẹ̀ ju ìyẹn lọ. Tí fíríìjì bá ń fa áńpù 4, tó ń ṣiṣẹ́ ìdajì àkókò, wákàtí méjìlá á jẹ áńpù-wákàtí 24, ìyẹn iye áńpù lọ́nà iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Iná áńpù 2 fún wákàtí márùn-ún, 10. Ẹ ti ná 34 nínú 50 tó ṣeé ná lára bátìrì áńpù-wákàtí 100. Ẹ ò lè sùn lóru kejì láìṣáájì. Kẹ́ ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò tó nǹkan kan, torí ìdá kan nínú márùn-ún tó kẹ́yìn ló ń gba wákàtí púpọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ yí súwíìṣì kúrò lórí BOTH, kẹ́ ẹ fi í sórí bátìrì inú ilé nìkan. Tàbí kẹ́ ẹ fi VSR sí i, súwíìṣì kékeré tó ń wo fólítì, á máa so bátìrì méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣáájì, á sì já wọn nígbà tó bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má yí súwíìṣì sí OFF nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń lọ o, alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣáájì bátìrì, lè jó.

Ọ̀gbẹ́ni tó wá yẹ ọkọ̀ mi wò fún ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Ó bá mi jà lórí lẹ́tà tó parẹ́ lára ike ìpaná. Kò ṣí ìdérí bátìrì rárá, bẹ́ẹ̀ bátìrì ò ní bẹ́líìtì tó dè é mọ́lẹ̀, kò sì sí fíúùsì lẹ́nu pọ́sítíìfù. Fíúùsì yẹn, ẹ fi í sí ìtòsí orí bátìrì gan-an. Pọ́ńpù tó ń fa omi ìdí ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kó gba inú súwíìṣì ńlá kọjá, kó lè ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ò sí níbẹ̀. Òun náà kó ní fíúùsì tirẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nẹ́gétíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kẹ́ ẹ so kẹ́yìn. Omi bátìrì nìkan ni kẹ́ ẹ bù sí i, kì í ṣe ásíìdì, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣáájì rẹ̀ kún tán. Ẹ ṣí fèrèsé tẹ́ ẹ bá ń ṣáájì, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè bú gbàù.

Áà, bátìrì kẹta. Tó bá jẹ́ ti inú ilé ló kéré lóòótọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, irú kan náà. Tẹ́ ẹ bá so tuntun mọ́ ògbólógbòó, ògbólógbòó á fa tuntun wálẹ̀.

Láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ tó tan nǹkan kan, ẹ wọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ kọ iye tẹ́ ẹ rí síbí. Súwíìṣì yín ńkọ́, orí kí ló wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn?