Ṣé New Lagos inú ìwé bàbá wa ni Sùúrùlérè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A rí ìwé ilé bàbá wa tó ti dolóògbé nínú àpótí wọn. “LEDB, New Lagos” ló wà lórí rẹ̀, a ò rí Sùúrùlérè níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ Sùúrùlérè ni ilé wà. Àbúrò mi ní ayédèrú ni. Ibo la máa gbé e lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú àsẹ̀yìndè bàbá. Ẹ má tíì pè é ní ayédèrú. New Lagos ni ìjọba ń kọ sínú ìwé. Sùúrùlérè ló mọ́ aráàlú lẹ́nu, òun ló sì borí.

Ọdún 1928 ni ìjọba amúnisìn dá LEDB (Lagos Executive Development Board), àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe, sílẹ̀, lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó jà ní Èkó ní 1924. Ní 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn onílé kọjá afárá lọ sí Sùúrùlérè. Ẹni tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ wá ń wọkọ̀ lọ bá oníbàárà. Agboolé túká. Sùúrù gan-an ni wọ́n ní láti ní o!

Àmọ́ àwọn kan ti ń gbé àgbègbè yẹn tipẹ́. Ojúbọ Ẹlẹ́gbá ló fún Ojúẹlẹ́gbá lórúkọ. Ìtìrẹ́ náà ní Onítìrẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tó ń jẹ́ Sùúrùlérè lónìí ni LEDB pín. Orúkọ tí àbúrò yín ń fura sí yẹn gan-an ló ń sọ ẹni tó fún bàbá nílẹ̀.

Ní 1972, wọ́n da LEDB pọ̀ mọ́ àwọn àjọ mìíràn, ó di LSDPC (Lagos State Development and Property Corporation), àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ilé àti ilẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ mú nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù àti ti púlọ́ọ̀tì dání. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ yẹ sọ́fè rẹ̀ wò ní Alausa. Kí ẹ tún ka ìwé náà dáadáa: ilé tí LEDB tà pátápátá wà, èyí tí wọ́n fi yáni fún ọdún gbọọrọ náà wà. Tó bá jẹ́ yíyá ni, ẹ ṣírò ọdún tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ẹ̀ka probate (tó ń rí sí ogún olóògbé) ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, kí ẹ tó lè yí i sórúkọ ẹ̀yin ọmọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè owó ọmọ onílẹ̀ kí LSDPC tó fèsì, ẹ má san kọ́bọ̀.